Ajá Tó Ń Da Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí ìyàwó mi mú ajá kan wọ ilé wa ní Des Plaines, ìlú òyìnbó tí à ń gbé, tí mo sì búra pé èmi àti ajá kò ní sùn lábẹ́ òrùlé kan náà. Nọ́ọ̀sì kan tí òun àti ìyàwó mi jọ ń ṣiṣẹ́ ló ni ín; ó ń kó lọ sí ìlú mìíràn, kò sì rí ẹni tí yóò gbà á. Irú ajá tí wọ́n fi ń da màlúù lórí òkè ní Switzerland ni, irú wọn kò sì wọ́pọ̀ níhìn-ín. Ó dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ìrù rẹ̀ ká sórí ìdí. Nọ́ọ̀sì náà kìlọ̀ pé kì í jókòó lásán. Bí a kò bá fún un níṣẹ́, yóò wáṣẹ́ fúnra rẹ̀. N kò kọbi ara sí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti jẹ bàtà iṣẹ́ mi, ó ti gbó mọ́ gbogbo aládùúgbò, èmi tí mo búra ni mo sì ń bá a sáré nínú yìnyín ní ìdájí.

Nígbà tí ooru dé, a mú bàbá mi wá láti Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ òfì ni wọ́n, ṣùgbọ́n iyè wọn ti ń rá. Wọn á dìde, wọn á kọrí sí ẹnu ọ̀nà, wọn á ní òwú ń dúró de àwọn ní ìsọ̀. Bí ajá ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Á lọ dábùú ilẹ̀kùn. Bí Bàbá bá yà lápá kan, á fi imú ti gìgísẹ̀ wọn, jẹ́jẹ́, títí wọn á fi padà sórí àga. Kò bù wọ́n jẹ rí.

"Ọ̀gá yìí ò gbà mí láàyè o," ni Bàbá máa ń wí.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," ìyàwó mi á dáhùn. "Ẹ jókòó, ẹ mu tíì."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọn á gbọ́wọ́ lé ajá lórí.

Ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, ajá kọ oúnjẹ. Dókítà ẹranko ní kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, àrùn tí wọ́n bí mọ́ ọn ni. Mo bi í bóyá oògùn kan wà. Ó ní kò sí. Ohun tó kù ni kí òun fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ, kó má baà jẹ̀rora mọ́. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ náà a kò lè fi Bàbá nìkan sílé, a mú wọn dání. Wọ́n gbé orí ajá lé itan, wọ́n ń wí pé, "Dìde, ọ̀gá, ilẹ̀ ti mọ́." Ìyàwó mi, tó ti dúró ti ọ̀pọ̀ aláìsàn dójú ikú, kọjú sí ògiri. Èmi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi jáde láìwọ bàtà. Ọlọ́pàá ló bá wa mú wọn wálé. A wá ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Bàbá á máa yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, omi á lé ròrò lójú wọn: "Kí ni mo ṣe tí ẹ fi tì mí mọ́lé?" Gbogbo ìgbà tí ajá fi ń dá wọn dúró, wọn kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n wà báyìí, ní Ìsẹ́yìn. Bí mo bá pè wọ́n lórí fídíò, wọn kì í mọ̀ mí. Wọ́n máa ń rò pé oníbàárà tó wá wo aṣọ ni mí. Wọn á ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ fìdí kalẹ̀." Ibi yòówù kí n wà, mo máa ń jókòó.