Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Kúrò Ní Poro Rẹ̀

Wọ́n ń jiyàn lórí rédíò láàárọ̀ yìí, bóyá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí iwájú rẹ̀ kò múná lè máa borí lọ bẹ́ẹ̀. Mo pa rédíò náà. Mo ti bá ẹnì kan jiyàn yẹn rí, kò sì sí nílé mọ́.

Nígbà tí ọ̀rúndún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Èmi ni olùkọ́ tí wọ́n fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa lé lọ́wọ́, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé. Ní àsìkò Àjíǹde, àwọn ìlú àyíká a máa bá ara wọn díje. A kì í pàdánù, a kì í sì í gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Ọmọ àgbẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Wọ́n jọ ń ṣe àáró: òní lóko tèmi, ọ̀la lóko tìrẹ. Nídìí ebè, olúkúlùkù ló ní poro tirẹ̀, ìtìjú sì ni kéèyàn fi tirẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń kọbè náà ni wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n á tò, wọn ò ní yẹsẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó wà níwájú á máa rìn kiri lọ́hùn-ún bí ewúrẹ́ tó sọnù. A ó ta òmì, a ó wá fi pẹnáritì borí, nítorí ọwọ́ aṣọ́lé wa gùn.

Ìyàwó mi máa ń wá wòran. Àìsàn ọkàn ń bá a jà nígbà náà. Mo máa ń gbé àga síta fún un lábẹ́ igi máńgòrò tó wà létí pápá.

"Bàbá, ulé nìkan lẹ ó máa ṣọ́ ni?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"Ẹni tí olè ò wọlé rẹ̀, kí ló pàdánù?"

"Kò pàdánù. Kò sáà lọ sọ́jà. Mo fẹ́ rí gòólù kan kí n tó kú."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta lẹ̀ ń tàn?" ló wí, ó sì yí ojú sí pápá.

Láti ọjọ́ náà, ife ẹ̀yẹ ò jẹ mí lógún mọ́. Gòólù kan yẹn ni mò ń wá.

Ìlúpéjú la bá pàdé níparí ìdíje. Ọlọ́kadà rọra gbé ìyàwó mi wá, èmi ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, mo kígbe sí ọmọ tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì pé kó gbé bọ́ọ̀lù lọ.

"Sà, ta ló máa dúró sí poro mi?"

Ìyàwó mi dìde lórí àga. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o gbin iṣu síbẹ̀ ni? Lọ!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sáré. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù ba igi òkè ilé wọn, ó ta padà. Ibi tó fi sílẹ̀ gan-an ni àwọn ará Ìlúpéjú gbà kọjá, wọ́n sì gbá a sílé wa.

"Tíṣà, ìyàwó yín ló tà wá o!" ni bàbá kan wí.

Mímí ìyàwó mi ò délẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ rí i bó ṣe sáré?"

Ó kú nígbà òjò, kí iṣu tuntun tó jáde.

Nígbà tí Àjíǹde tún dé, mi ò fẹ́ lọ, wọ́n wá mú mi nílé. Mi ò gbé àga kankan dání. Ó ti rẹ̀ mí kí wọ́n tó fọn fèrè. Ọmọ ọjọ́sí gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò rán an, ó gbé e lọ títí, ó sì gbá a wọlé. Ariwo sọ. Ó na apá méjèèjì, ó ń sáré bọ̀ síbi igi máńgòrò. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Ó wo ìdí igi náà.

Lẹ́yìn náà ló rọra rìn padà sí poro rẹ̀.