Ọ̀dà Yẹ́lò Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ páànù kan ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n tí mo bá padà délé ní Agége, irin kéékèèké ni mo tún máa ń jókòó tì. Mo máa ń fi ọwọ́ ṣe katapílà: èyí tó ń wa ilẹ̀, èyí tó ń ti yẹ̀pẹ̀, èyí tó ń tẹ títì. Kò sí èyí tó tóbi ju ohun tí èèyàn lè gbé lé itan lọ. Àwọn ará ilé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà tó nírùngbọ̀n ń ṣe ohun ìṣeré. Mo máa ń dá wọn lóhùn, ìdáhùn mi kì í sì í dára. Inú mi kì í pẹ́ ru.

Ọ̀kan wà tí mo ń ṣe fún bàbá mi. Katapílà kan ṣoṣo tó ń wa ilẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wà, kí àrùn ojú tó gba ìmọ́lẹ̀ wọn pátápátá. Kò sí gọ́tà ńlá kan ládùúgbò wa tí wọn ò ní sọ pé àwọn làwọn gbẹ́ ẹ. Ohun kan ni wọ́n tọrọ lọ́wọ́ mi: kí n ṣe katapílà àwọn, kí àwọn tún fọwọ́ kàn án kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Mo ṣe àkọ́kọ́. Agolo mílíìkì ni mo gé fi ṣe ara rẹ̀, ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, síríńjì tí mo rà ní kẹ́mísìtì ló ń gbé apá rẹ̀ sókè. Àwòrán inú fóònù ni mo wò ṣe é, kò sì síbi tó yẹ̀. Bàbá gbé e lé itan, wọ́n fọwọ́ wá a kiri, wọ́n mi orí.

"Ó dára. Àmọ́ kì í ṣe tèmi."

"Kí ló kù níbẹ̀, Bàbá?"

"Tèmi ti darúgbó. Àtẹ̀gùn tí mo fi ń gùn ún ti já lápá òsì. Wọ́n ti jó apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú jíjó yẹn sì ga sókè. Eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi ń wa ilẹ̀, mẹ́rin ló kù."

Inú bí mi. Mo ti katapílà náà sábẹ́ tábìlì fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo tú u palẹ̀. Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ kí n lè jó irin kí ojú àpá má hàn, mo wá jókòó, mò ń fi àpá sára irin tó dán.

Bàbá á jókòó tì mí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Wọn kì í yé sọ pé awakọ̀ katapílà kì í fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lókè kó máa lọ sílé. Ó gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀ kóun náà tó sọ̀ kalẹ̀, torí ohun tó bá wà lókè lè já lu ẹnikẹ́ni.

"Katapílà ẹlòmíì, kò kàn mí," wọ́n á ní. "Tèmi, mi ò ní kúrò níbẹ̀ tí ò bá tíì kanlẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni mo fi ọ̀dà yẹ́lò kùn ún. Mo gbé apá rẹ̀ sókè kí abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbẹ, mo sì gbé e sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ní kí n gbé e wá.

"Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, Bàbá. Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la."

"Atẹ́gùn ilé ìpẹran Oko Ọba ti ń fẹ́ bọ̀, mò ń gbóòórùn ẹran. Á tètè gbẹ."

"Ọ̀la, Bàbá."

Bàbá mi ò ríran. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà ṣe? Mi ò bi ara mi léèrè nígbà yẹn.

Mo jáde lọ ra tínà tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà kúrò. Nígbà tí mo dé, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti kanlẹ̀, ojú ìka sì hàn gbangba lára ọ̀dà: lórí ojú jíjó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tó já, lórí eyín mẹ́rin. Bàbá wà lórí ẹní ìrun wọn, ọ̀dà kún ọwọ́ wọn.

"Bàbá, kí lẹ ṣe báyìí?" Mo pariwo mọ́ wọn. "Ẹ ti bà á jẹ́! Ṣé ẹ ò lè ní sùúrù ni?"

Èmi, èmi náà ni mò ń wàásù sùúrù fún èèyàn.

"Má bínú," wọ́n ní. "Mo kàn gbé e kalẹ̀ ni."

Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo rẹ àkísà sínú tínà, mo fi nu gbogbo ojú ìka náà dànù, mo sì tún un kùn. Ọwọ́ wọn tó kún fún ọ̀dà, kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n nù ún.

Wọ́n kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí ẹní kan náà, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a fẹ́ wẹ òkú bàbá mi, Ààfáà gbé ọwọ́ wọn sókè. Wọ́n ní ọ̀dà yìí ò ní jẹ́ kí omi kan ara, ó gbọ́dọ̀ kúrò. Mo lọ gbé tínà àná wá. Mo mú ọwọ́ bàbá mi, mo ń nù ún ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì ti tutù. Ìgbà tí mo kan àtàǹpàkò ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Katapílà ẹlòmíì, kò kàn wọ́n. Tiwọn ni wọ́n gbé kalẹ̀. Wọ́n ti dá a mọ̀ pé tiwọn ni, wọ́n sì ti sọ fún mi, ariwo ni mò ń pa.

Nígbà tí a ti itẹ́ òkú dé, ọ̀dà ara katapílà náà ti gbẹ. Ó ń dán lórí tábìlì, kò sí ojú ìka kankan lára rẹ̀.