Ọ̀rọ̀ Kan Lórí Ìwé Dókítà, àti Bí Ajá Bàbá Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Kú Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ìwé kọ. Kíláàsì karùn-ún ni mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní Manigri níbí, láti ìgbà náà, n kò kọ ju lẹ́tà méjì lọ. Tí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wọ́, ẹ forí jì mí. Mo kọ ọ́ nítorí pé ajá tó sanra jù lè wà nílé yín náà, ẹ sì lè máa rò, bí mo ṣe rò, pé ara rẹ̀ ló le.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Àsìkò tí kájú ń já ni. Mo ń lọ sí oko, Dúrótìmí, ajá wa, ń tẹ̀ lé mi. A kò tíì kọjá ilé tó gbẹ̀yìn nígbà tí n kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo wẹ̀yìn. Ó ti jókòó sáàárín ọ̀nà, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré láti ìlú Bassila wá. Oòrùn kò sì tíì mú. Mo pè é, ó ju ìrù, kò lè dìde. Mo fọwọ́ kan ìhà rẹ̀, n kò rí egungun kankan kàn. Ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a pò. Mo gbìyànjú láti gbé e, agbára mi kò ká a. Mo jókòó tì í lórí ilẹ̀ títí tó fi lè rìn padà sílé.

Bàbá àgbà mi ló sọ ọ́ ní Dúrótìmí. Nígbà kan, ajá yìí lé ejò kúrò lẹ́sẹ̀ Bàbá láàárín ebè iṣu. Láti ọjọ́ náà, tí Bàbá bá fẹ́ jẹ iyán, òkèlè àkọ́kọ́, ajá ló ń jù ú sí. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí Bàbá kú. Ìyá àgbà, tí èmi àti òun jọ ń gbé, kò jẹ́ kí òkèlè náà dúró. Ó ń jù ú láàárọ̀, ó ń jù ú lálẹ́, ẹni tó bá yà kí wa tó bá iyán nílẹ̀ náà ń jù ú. Òkèlè Bàbá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sí ẹni tó ka iye tó ń wọ ajá náà lẹ́nu lójúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì ń jẹ oúnjẹ tirẹ̀, ó sì ń jẹ èso kájú tó bá já sílẹ̀. Ó ń sanra, inú wa ń dùn. Lọ́dọ̀ wa, tí ajá bá rù, ẹni tó ni ín ni wọ́n ń bú.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí fún Ìyá àgbà, ó ní ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, Dúrótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í ké tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde. Igbe kékeré ni, bíi ti ọmọ tó ń sunkún sínú aṣọ. Ìyá àgbà gbọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Gbé e lọ," ló wí. "Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí o ṣe, ṣe é. Èmi lè pe orúkọ Bàbá rẹ, ṣùgbọ́n n kò lè fọn súfèé tó fi ń pe ajá rẹ̀. Ajá yìí nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n."

Dókítà àwọn ẹran kan wà ní Bassila. Ẹ̀yà Anii ni, Faransé ló sì fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, ó sì ń fi í ṣe àwàdà pẹ̀lú àwọn ará Manigri. Ó tẹ egungun ìhà Dúrótìmí, ó gbọ́ ọkàn rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò. Ó pe àìsàn náà ní obésité. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rá ti pọ̀ lára rẹ̀ ju ohun tí ara lè gbé lọ: ọkàn kan ló ń ṣiṣẹ́ fún ajá méjì, oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ti ń gbó, òun ló fà á tó fi ń ké. Ó wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ kílò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ogún ló yẹ kó jẹ́. Ó ní kí a dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, kí ìwọ̀n tó ń lọ má ju ìdajì kílò lọ lọ́sẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí ìwé ní Faransé. Ìlà tó gbẹ̀yìn sọ pé kí a máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo lè ka ìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì ló tẹ̀ lé e: *à jeun*.

Mo kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ara mi. A jẹun. Mo rò pé ó fi èdè wa kọ ọ́ kí ó lè yé wa: kí ajá jẹun kí a tó wọ̀n ọ́n. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń dúró lẹ́yìn mi, ojú sì tì mí láti béèrè.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ra kájú ní àdúgbò wa ní báskù, òṣùwọ̀n tó gbé kọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo fún Dúrótìmí ní iyán àti omi dáadáa, a kó o sínú àpò kájú, orí rẹ̀ yọ síta. Ìyá Ráfíà, aládùúgbò wa, pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wo kájú onírù o! Kílò mélòó lẹ fẹ́ tà á?"

"Ìyá Ráfíà, èmi kì í ra kájú tútù," ni oníṣòwò náà fèsì. "Ẹ lọ sá a sóòrùn ná!"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo òṣùwọ̀n. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti lé sí i.

Mo dín oúnjẹ rẹ̀ kù sí ìdajì. Ọjọ́ Àìkú kejì, méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo tún dín in kù. Mo lọ bá Ìyá àgbà, mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó bá mi dá òkèlè Bàbá dúró. Ó dá a dúró. Láti ọjọ́ náà, tó bá ń jẹ iyán, ó ń kọ ẹ̀yìn sí ajá, ajá sì ń lọ yí ká láti wo ojú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kẹta àti ìkẹrin, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń ronú pé ọ̀rá náà kò ní lọ láé, pé ọkàn rẹ̀ á dá dúró. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe ju kí n tún dín in kù. Ó kù díẹ̀ kó má jẹ nǹkan kan mọ́, àfi lọ́jọ́ Àìkú, tí mo ń bọ́ ọ yó nítorí ìwé. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ìwọ ọmọ yìí," Ìyá Ráfíà ké sí mi láti ojúde rẹ̀, "ṣé ẹ ti di ahun ni? Ajá Bàbá lẹ fẹ́ febi pa!"

Mo mú àwo ajá wọlé.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ní ọ̀sán, Dúrótìmí ṣubú lẹ́bàá ìkòkò omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Èrìgì rẹ̀ ti funfun. Ìyá àgbà gbé orí rẹ̀ lé itan, ó gbìyànjú láti fọn súfèé Bàbá, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ajá náà fúnra mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo sì lè gbé e. Ó yẹ kí ìyẹn ti sọ nǹkan fún mi.

Mo fi àpò kájú gbá a mọ́ra lórí zémìjàn, alùpùpù èrò, títí a fi dé Bassila. Dókítà fi abẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó so sẹ́róòmù kọ́, omi tó ń kán sínú iṣan. Ó wọ̀n ọ́n: kílò mẹ́rìnlélógún.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?"

Mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ le. Ó ní tí ebi bá pa ara jù, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń jẹ, ó ń jẹ ẹran ara pẹ̀lú, ọkàn sì jẹ́ ẹran ara.

"Kí ló wá dé tó ń jẹ àjẹyó lọ́jọ́ Àìkú?"

Mo mú ìwé jáde, mo nàka sí i. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, dókítà. A jẹun."

Ó gba ìwé náà, ó kà á. Kò rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn títí dòní. "Faransé ni," ló wí pẹ̀lẹ́. "À jeun. Ó túmọ̀ sí pé inú ṣófo. Kó má tíì fẹnu kan nǹkan kan."

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Obìnrin kan gbé ewúrẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kí mi, mo sún fún un. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ni mo fi oúnjẹ bo òótọ́ mọ́lẹ̀, tí mo sì fi ọjọ́ yòókù jẹ ajá níyà nítorí irọ́ tí èmi fúnra mi gbé sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ǹ bá ti béèrè. Mo ń gba ojú fèrèsé wo omi sẹ́róòmù tó ń kán, mo ń kà á, n kò mọ̀ bóyá á kán tán kí ajá tó lajú.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó la ojú. Ó lá ìka mi, èmi tí mo febi pa á.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n agolo tòmátì kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́: ẹ̀wà sísè tí kò ní ata tàbí àlùbọ́sà, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, iṣu díẹ̀. Ìrìn kúkúrú kí oòrùn tó mú, tó bá jókòó, mo dúró. Mo ń gbá èso kájú kúrò níwájú rẹ̀. Dókítà ní òkèlè Bàbá lè padà, ìwọ̀n hóró kájú kan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ìyá àgbà fi hóró kájú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, ó ń fi wọ̀n òkèlè náà kó tó jù ú. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, kò sí ohun tó lọ. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, díẹ̀. Ẹ̀rù kò fìgbà kan kúrò lára mi. Àmọ́ nígbà tí iṣu tuntun jáde, òṣùwọ̀n máńgòrò sọ pé ogún, inú Dúrótìmí sì ṣófo. Mo fọwọ́ kan ìhà rẹ̀, mo ka egungun kọ̀ọ̀kan. Ó ṣì ń tiro díẹ̀ láàárọ̀. Dókítà ní oríkèé tó ti gbó kì í padà tán. A gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ pé ara kì í parọ́. Ìhà rẹ̀ sọ fún mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ fún mi, bó ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́ mi sọ fún mi. Èmi ni n kò béèrè. Mo dúpẹ́ pé ó dúró dè mí.

Lọ́jọ́ Àìkú ogún kílò yẹn, lábẹ́ máńgòrò náà, Ìyá Ráfíà mú ìwé kan jáde láti fi hàn wá. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, wọ́n sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Bassila lọ́jọ́ kejì, láti wò ó bóyá àtọ̀gbẹ ni. "Àwọn yìí mọ̀wà hù," ló ń yangàn. "Wọ́n ní kí n jẹun kí n tó wá, wọ́n tilẹ̀ fi èdè wa kọ ọ́!" Mo rí ọ̀rọ̀ méjì náà. Àwọn àgbà pọ̀ níbẹ̀, n kò fẹ́ dójú tì í níwájú wọn, mo fi í di àárọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ojúde Ìyá Ráfíà. Ó ti gbé ògì kaná. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fi ìka sí ìwé náà, mo sì sọ sí i létí, kí ẹlòmíràn má gbọ́, pé inú ṣófo ni kó gbé lọ. Ó fa igi iná jáde kúrò lábẹ́ ìkòkò.