Kọ́kọ́rọ́ Tó Kù Nínú Àpò Bàbá

Ẹ ò rí aránṣọ yìí bí? Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀ tó jẹ́ oníkọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ gbàǹgbà kan ló bá nínú àpò ṣòkòtò bàbá náà. Kò bá ilẹ̀kùn kankan mu nílé. Ojú ìyá rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ bàbá ẹ ló ti máa ń jáde nírọ̀lẹ́, á ní òun ń lọ na ẹsẹ̀. Tí aago ìlú bá dún, mo mọ̀ pé ó ti ń bọ̀ nìyẹn, màá bu oúnjẹ ẹ̀. Bá mi wá ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi. Tó bá jẹ́ ilé obìnrin ni, kí n mọ̀ kí n tó kú."

Ọ̀rọ̀ ńlá rèé! Aránṣọ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó kọrí sí etí òkun, torí àwọn ilé tí òyìnbó fi sílẹ̀ níbẹ̀ ló ní ilẹ̀kùn tó ń lo irú kọ́kọ́rọ́ gbàǹgbà bẹ́ẹ̀. Àṣé èèyàn lè dàgbà sínú ìlú kó má mọ̀ ọ́n! Ó rí àtẹ̀gùn onírin tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ó rí ìdákọ̀ró tó ti dípẹtà tí ewúrẹ́ fara tì sùn. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé aláwọ̀ ìyeyè kan ló ti ń gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọlọ́dẹ yọ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé olè ọ̀sán ni yín ni?"

"Olè wo ló ń ru kọ́kọ́rọ́ kiri? Ilẹ̀kùn bàbá mi ni mò ń wá."

Ọlọ́dẹ rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá kan máa ń wọ ilé aṣọ́bodè àtijọ́ nírọ̀lẹ́, lábẹ́ aago lọ́hùn-ún. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti rí wọn."

Kọ́kọ́rọ́ wọ ilẹ̀kùn ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Aránṣọ wọlé, ó gun òkè. Kò sí obìnrin, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ aago ìlú ló bá lókè, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń yí i, àti fìlà iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lórí ìṣó. Gbogbo wa la gbà pé ìjọba ló ń tọ́jú aago yẹn! Nígbà tó dákẹ́, ìjọba la bú. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ọ̀sẹ̀ tí oníkọ́kọ́rọ́ kú ló dákẹ́.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó yí irin náà títí apá fi ro ó, ó tún ọwọ́ aago ṣe, aago sì dún.

Nígbà tó délé, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì, abọ́ bàbá náà wà níbẹ̀.

"Mo gbọ́ aago," ni ìyá wí, ojú ń tì í. "Mo ti bu tiẹ̀ kí n tó rántí."

Aránṣọ gbé kọ́kọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. "Ilẹ̀kùn aago yẹn ni, Màámi. Bàbá ló ń yí i."

Ìyá di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún.

"Ọkọ mi! Àṣé òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ fún mi pé òun ń bọ̀."