Àwòrán Ọmọ Ọwọ́ Tí Mo Fi Fáníṣì Bà Jẹ́

Òórùn fáníṣì ló máa ń jí mi nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán. Láyé Wẹ́sítààn Ríjọ̀n nìyẹn, tí gbogbo ìwé aláwòrán tí ìjọba ń fi kọ́ ògiri ń ti Ìbàdàn wá. Bàbá mi ló ń lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó, tí wọ́n ń fi fáníṣì bò wọ́n kí òjò má lè bà wọ́n jẹ́. Láti Mámù dé Ìlápòrú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó wọn. Èmi náà, ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ búrọ́ṣì mú ju àwọn tó ka mẹ́fà lọ.

Ohun kan wà tí bàbá mi kì í fò. Sítáàṣì tó ṣàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi kun ojú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, á gbẹ níbòji, kí fáníṣì tó kàn án. "Fún ìwé lẹ́kọ mu kí o tó fún un lóróró," wọ́n á ní. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo gbọ́ ọ títí ó sú mi.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, àwòrán ìyá tó ń wẹ ọmọ ọwọ́ wà nílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin nọ́ọ̀sì kan ní Òde-Omi ló fi í ránṣẹ́ sí wa, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n fún un. Ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí ìwé pẹ́ lára ògiri níbẹ̀. Ó ní bí èyí bá dára, bàbá mi ni yóò ṣe ti gbogbo ìletò etí omi. Bàbá mi gbé sítáàṣì kalẹ̀ kó tutù, wọ́n lọ kírun.

Ta ni yóò máa dúró de sítáàṣì? Mo ṣí agolo fáníṣì. Ó ń dán bí ojú omi, inú mi dùn, mo fà á dé ìsàlẹ̀. Àfi bí òróró ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìwé. Ojú ìyá di dúdú, ara ọmọ yọ àbàwọ́n tótòtó. Mo fi aṣọ nù ún. Ọwọ́ ọmọ bá aṣọ lọ. Mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá mi wò ó títí. Wọn ò nà mí, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí jù. "Lọ́la," wọ́n ní, "ìwọ lo máa rù ú."

Nígbà tí a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Òde-Omi, àwòrán náà wà lórí itan mi. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ní, "Ẹ gbà mí o! Ṣé ilẹ̀ẹ́gbóná ló mú ọmọ yìí ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àfi bàbá mi.

"Háà! Ta ló ṣe èyí?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má bínú," bàbá mi dá a lóhùn.

Ó wo fáníṣì tó há sí èékánná mi. "Ẹ̀yin náà, bàbá?"

"Èmi ni."

Ó ní òun ò lè fún wa ní ti àwọn ìletò yòókù mọ́. Ará Ìjẹ̀bú-Òde kan ló gba iṣẹ́ náà.

Bí a ṣe ń padà, mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọn ò dárúkọ mi. "Iṣẹ́ tó bá ti ilé mi jáde, èmi ni mo ṣe é," wọ́n ní, wọ́n yíjú sómi.

Lónìí, ẹ̀rọ láminéètì méjì ni mo ní ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀rá tó mọ́ gaara ni mo fi ń bo pátákó ṣọ́ọ̀bù, sabúkéètì, àwòrán olóògbé; omi ò lè wọ̀ ọ́. Mo mọ iṣẹ́ yìí ju bàbá mi lọ, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná jù, ọ̀rá sì ká jọ mọ́ sabúkéètì ọmọbìnrin kan. Ó bú sẹ́kún. "Bàbá, ta ló ṣe èyí?" Kí n tó mọ̀, mo ti nàka sí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ọmọ náà wò mí. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin náà. "Ẹ má bínú, àǹtí," ó ní, "èmi ni."