Eérú Dúdú Ẹ̀gbọ́n Út

Bí Út Lụa bá bú ènìyàn láàárọ̀, oúnjẹ alẹ́ onítọ̀hún á korò. Mo rí pẹ́pẹ́yẹ kan tó bú, tí kò yé ẹyin mọ́ títí ó fi kú. Abíkẹ́yìn bàbá rẹ̀ ni, ìyẹn la ṣe ń pè é ní Út. Oko ìrẹsì kékeré kan létí ibi tí odò Mekong ti ń wọ òkun ni bàbá náà fi sílẹ̀ fún un. Kò ní òmíràn.

Ba Khởi, aládùúgbò rẹ̀, ti sọ oko tirẹ̀ di adágún edé. Edé fẹ́ omi iyọ̀, ìrẹsì kò fẹ́ ẹ. Omi Khởi ń jò gba abẹ́ bèbè wọnú oko Út, orí ewé ìrẹsì sì ń gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á ta sórí ilẹ̀ débi pé ewúrẹ́ abúlé mẹ́ta ń wá lá a.

Khởi á dúró sórí bèbè, á máa fi igi ta eyín.

“Ẹ̀gbọ́n Út, ẹ jẹ́ kó kú o! Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ yẹn kún adágún mi. Ẹ ó máa rí orí edé jẹ.”

“Orí tìẹ ni n ó jẹ, olójú edé!”

Út ti gbọ́ pé eérú ìyàngbò ìrẹsì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ iyọ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìyàngbò sun bíríkì, ó kó eérú wọn wálé. Ó funfun bíi lékèélékèé. Ó da púpọ̀ rẹ̀ sóko, ó kó ìyókù jọ sẹ́yìn ilé, ìrẹsì náà sì kú pátápátá.

Khởi rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já sínú adágún. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àtíkè kun òkú!”

Àmọ́ ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ìrẹsì díẹ̀ ṣì dúró, ó tutù yọ̀yọ̀. Út lóṣòó tì í, ó ń bú u: “Kí ló ṣe ẹ́ tí o ò kú bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ?” Ìgbà yẹn ló rántí pé ibẹ̀ lòun ń da eérú ìyàngbò inú ààrò òun sí, eérú dúdú tí iná rẹ̀ kì í gbóná jù.

Sílíkọ́nì ló wà nínú ìyàngbò, ọmọ ìyá iyanrìn àti gíláàsì. Bí gbòǹgbò bá mu ún, ìrẹsì á fi rẹ́ ògiri ara rẹ̀, iyọ̀ ò ní ráyè gòkè bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n iná bíríkì ti sun ún di èéfọ́ gíláàsì. Ta ló ń mu èéfọ́ gíláàsì?

Út wá ń rọra sun ìyàngbò fúnra rẹ̀, ó sì rí i dájú pé apá ilé Khởi ni èéfín ń fẹ́ sí. Nígbà tí òjò fọ ilẹ̀ díẹ̀, Út po eérú dúdú mọ́ ọn, ó gbin ìrẹsì. Iyọ̀ ò lọ, ìrẹsì ló kọ̀ fún un.

Lọ́dún yẹn gan-an ni àrùn pa edé Khởi. Ó fẹ́ gbin ìrẹsì sínú adágún gbígbẹ náà, ó bá wá sọ́dọ̀ Út.

“Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní eérú.”

“Òkìtì méjì ló wà lẹ́yìn ilé. Mú èyí tó wù ẹ́.”

Khởi wo dúdú, ó tutọ́. Ó ti gbàgbé àtíkè tó fi ṣẹ̀sín, ó kó funfun tán pátá, ó sì dúpẹ́. Mo dúró tì wọ́n, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Út tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Út ń kórè, oko Khởi ti gbẹ bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Út gun orí bèbè, ó fi igi ta eyín.

“Khởi, jẹ́ kó kú o! Ṣé kí n fi ilẹ̀ yẹn kún tèmi?”