Fọ́tò màmá Rùkáyà tí mi ò lè fi han kíláàsì

Ohùn ọmọ yìí ò kúrò létí mi látàárọ̀.

Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi níbí l'Éjìgbò mú fọ́tò ẹbí wọn wá. Mo fi fóònù ya àwọn fọ́tò náà, oníkálukú sọ̀rọ̀ lé tiẹ̀ lórí, mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo wá tò ó pọ̀ bíi fíìmù kékeré. Òní la fẹ́ wò ó.

Fọ́tò ìyá rẹ̀ tó lọ sí Abidjan ni Rùkáyà mú wá. Ó ní: "Màmá mi rèé. Wọ́n ń bọ̀ wálé lọ́dún Iléyá. Èmi ni màá gbé báàgì wọn."

Kí n tó ṣí fíìmù náà, ìyá àgbà tó ń tọ́ Rùkáyà dé. Wọ́n ní káwọn gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ ná. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n rọra jókòó.

"Àǹtí tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i. Ọmọ mi tó wà nínú fọ́tò yẹn ti kú. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. A ní kí Rùkáyà ṣe ìdánwò tán ká tó sọ fún un."

Mo parọ́ fún gbogbo kíláàsì pé fóònù mi ti kú.

Nígbà tá a jáde, Rùkáyà sáré bá mi.

"Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ti ṣájì ẹ̀, ẹ bá mi fi tèmi ránṣẹ́ sí màmá mi."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, tó bá bi mí lọ́la bóyá màmá òun ti gbọ́ ọ, kí ni kí n sọ?